Ẹ Bá Wa Kọ Nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Middlebrook Náà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbà tí B. Jayant Baliga gba ẹ̀bùn Millennium Technology Prize lọ́dún 2024 nítorí IGBT, swíìṣì tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná àti ínfátà, inú mi dùn gan-an. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣeé fọwọ́ mú ni IGBT, ó sì rọrùn láti ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ọ̀nà ìrònú ni R. David Middlebrook, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná, fi sílẹ̀ ní tirẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í dárúkọ rẹ̀.

Yunifásítì Caltech ní California ló ti ṣe olùkọ́ láti 1955 títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1998. Ẹ wo ìṣòro tó dojú kọ. Swíìṣì inú chájà ń tàn, ó ń kú, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá tàn, sẹ́kíìtì kan (ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà) ni; bó bá kú, ó di òmíràn. Èwo ni ká wá ṣírò nínú méjèèjì? Lọ́dún 1976, òun àti Slobodan Ćuk, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, fi hàn pé a lè da méjèèjì pọ̀, kí a wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àkókò tí swíìṣì ń lò níbẹ̀. Èèyàn sì lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ lórí ìwé bóyá ẹ̀rọ náà máa dúró jẹ́ẹ́, kí tiransísítọ̀ kankan tó jóná.

Ọdún yẹn kan náà ló yanjú ọ̀rọ̀ fílítà, èyí tó wù mí jù. Èèyàn á so fílítà mọ́ ibi tí iná ń gbà wọlé, kí ariwo swíìṣì, ìyẹn iná tó ń mì ségesège, má baà padà sínú wáyà. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n! Ohun tó ń fà á ni pé agbára tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fà kì í yí padà: bí fólítéèjì tó ń wọlé bá lọ sílẹ̀, ńṣe ló máa fa kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀ sí i. Bí fílítà bá ti mì díẹ̀, ẹ̀rọ á tún kún un lọ́wọ́. Middlebrook sọ pé ìmpídáǹsì fílítà, ìyẹn bó ṣe ń dènà kọ́rẹ́ǹtì tó, gbọ́dọ̀ kéré púpọ̀ sí ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe òfin náà, àwọn tó ń ṣètò iná inú sátẹ́láìtì kì í sì í fi ṣeré.

Kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìṣirò jàńrẹrẹ tí kò sí ohun tí a lè rí fà yọ nínú rẹ̀. Ó fẹ́ kí a kọ ọ́ kí ojú lè rí i wéré pé rẹsísítọ̀ báyìí ló yẹ ká pààrọ̀. Kọ̀ǹpútà ń bá wa ṣírò lónìí, ó sì yá ju wá lọ, àmọ́ iye tó bá gbé jáde kò sọ ohun tó yẹ ká tún ṣe. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yín gbọ́.

Middlebrook kú ní 2010. Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ kọ nípa ọkọ̀ oníná tàbí iná oòrùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá onímọ̀ ẹ̀rọ kan kó ṣàlàyé ohun tó ń lọ nínú àpótí ínfátà, kí ẹ sì dárúkọ àwọn tó kọ́ wa bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín