Ìdí tí búrẹ́dì wa fi kéré: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo
30 oṣù Ọ̀pẹ, 2023

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo fún tolórí-tẹlẹ́mù.

Búrẹ́dì là ń tà, àmọ́ ọ̀rọ̀ alákàrà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ń dín àkàrà nítòsí Ọjà Ọba, ó ti ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí a ṣì ń fọwọ́ po fùláwà. Nínú oṣù Bélú, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù, kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní, "Ìyá Búrẹ́dì, ọ̀nà mẹ́jọ ni mo máa ń gé búrẹ́dì yín sí. Tí mo bá gé e sí mẹ́jọ báyìí, àkàrà á tóbi ju búrẹ́dì lọ. Ṣé ojú mi ni, àbí ọwọ́ yín?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ojú wọn ni.

Irọ́ ni mo pa. Ọwọ́ wa ni.

Tẹ́lẹ̀, 900 giráàmù fùláwà pípò la máa ń wọ̀n sínú agolo ńlá kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù Agẹmọ a dín in kù sí 850. Nígbà tó di oṣù Ọ̀wàrà, a tún sọ ọ́ di 780. 800 náírà náà la ń tà á, láílọ́ọ̀nù kan náà la ń dì í sí, a ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má bínú. Mo rò pé bí a bá fowó kún un ẹ ó sá fún wa, mo wá yan èyí tí ẹ ò ní tètè rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọdún ọ̀hún ṣe bá wa fà á. Láti ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni owó ti wọ́n bí imí eégún. Wọ́n ní 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ fẹ́ di ohun tí a ò lè ná mọ́, tuntun ò sì sí ní báǹkì. Ẹni tó bá fowó ra owó lọ́wọ́ oní-POS nígbà náà mọ ohun tí mò ń wí. Búrẹ́dì kì í ṣe aṣọ tí a lè gbé kọ́ dìgbà tí owó bá dé. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, ó ti bu. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tà á láwìn nìyẹn. Mo ra ìwé kan, mo kọ orúkọ àwọn aládùúgbò àti àwọn ọmọ tó ń kiri ní Ọláìyá sí i. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi máa dájọ́ ní 3 oṣù Ẹrẹ́nà pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ nína, gbèsè inú ìwé yẹn ti di 214,000 náírà. Gbogbo rẹ̀ ló padà wọlé, àfi 11,500. Ọmọ Òróki ṣèèyàn! Ẹ̀yin tí 11,500 yẹn wà lọ́wọ́ yín, mo mọ̀ yín o. Ẹ má gba ẹ̀yìnkùlé mọ́, ẹ wá ra búrẹ́dì.

A ò tíì mí dáadáa tí 29 oṣù Èbìbí fi dé, tí wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Òru la máa ń po fùláwà, iná kì í sì í sábà bá wa lóru, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ wa. Líta epo tó jẹ́ nǹkan bíi 200 náírà fò di nǹkan bíi 500 kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Oṣù Òkúdù ni wọ́n tún tú náírà sílẹ̀. Kí ló kan alábúrẹ́dì nínú ọ̀rọ̀ dọ́là? Àlìkámà ni wọ́n ń lọ̀ di fùláwà, èyí tí a ń gbìn nílẹ̀ wa kò tó nǹkan, ojú òkun ni èyí tó pọ̀ jù ń gbà wọlé. Dọ́là tó jẹ́ bíi 460 níbẹ̀rẹ̀ ọdún ti di nǹkan bíi 900 ní ìparí 2023 yìí, iye ti ìjọba nìyẹn o. Àpò fùláwà tí mo rà ní 29,500 ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, 43,000 ni mo rà á ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ti ṣúgà ò ṣeé fẹnu sọ.

Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi bromate sí i, kí búrẹ́dì lè wú. NAFDAC ti fòfin de nǹkan yẹn tipẹ́, àwọn ọmọ ọmọ mi sì ń jẹ búrẹ́dì yìí. A gbìyànjú ìyẹ̀fun pákí díẹ̀ nínú oṣù Ògún. Àwọn kan nínú yín ní ó ń rùn bíi fùfú. Èmi ò gbóòórùn kankan, àmọ́ a fi í sílẹ̀.

Àwa mẹ́sàn-án la bẹ̀rẹ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mẹ́fà ló kù. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nìyí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Ṣẹ́rẹ́, búrẹ́dì ńlá yóò padà sí 900 giráàmù, 1,000 náírà ni a ó sì máa tà á. Ẹni tí ìyẹn bá pọ̀ jù fún, a ó ṣe kékeré tó jẹ́ ìdajì rẹ̀, 500 náírà. Òṣùwọ̀n yóò wà lórí káńtà, ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má retí 900 géérégé, nítorí omi inú rẹ̀ máa ń gbẹ nínú ààrò. Tó bá ti lé ní 800, ó pé. Tí kò bá pé, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí fùláwà bá tún gbówó lórí, iye la ó yí, a ó sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ní ọjọ́ méje ṣáájú. A ò ní fọwọ́ kan òṣùwọ̀n mọ́.

Ìrètí mi fún 2024 ni kí ọjà rọ̀ díẹ̀, kí n lè ránṣẹ́ pe àwọn mẹ́ta yẹn padà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá alákàrà, agolo àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú ààrò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tiyín ni, mi ò gba kọ́bọ̀. Ẹ mú ọ̀bẹ yín dání.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Búrẹ́dì