Mítà omi kò lè sọ bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ìdáhùn tí ẹ tẹ̀ jáde fún ẹni tí Nissan 370Z rẹ̀, ọkọ̀ eré, máa ń dín agbára kù bó bá ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kò tọ̀nà rárá. Ẹ ní mítà omi rẹ̀, èyí tó ń sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, wà láàárín, rédíétọ̀ kò jò, nítorí náà kó lọ da ọ́ìlì 20W-50, èyí tó ki gan-an, sí i. Ọ́ìlì tó ki kì í mú ẹ́ńjìnnì tutù. Bó ṣe ń ki sí i ni kiráńkì, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ń forí-ṣe-fọrùn-ṣe kó tó yí nínú rẹ̀, ìjàkadì yẹn gan-an a sì tún di ooru.

Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà ti pẹ́ tí àwọn oní-370Z ti mọ̀ ọ́n. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.7 ni wọ́n gbé sínú rẹ̀, ó lè yípo ìgbà 7,500 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde kò ní kúlà ọ́ìlì, ìyẹn rédíétọ̀ kékeré tó ń mú ọ́ìlì tutù. Bí ọ́ìlì bá ti ń sún mọ́ 140°C, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò ní jẹ́ kí RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yípo ní ìṣẹ́jú kan, gòkè mọ́, kí bẹ́árìn tí kiráńkì ń yí lórí rẹ̀ má baà jẹ. Nissan fúnra wọn padà fi kúlà sí àwọn kan lára èyí tó jáde lẹ́yìn. Ààbò ni àìlágbára tí oníbèéèrè yín ń rí. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ ààbò yẹn kúrò nínú kọ̀ǹpútà láìtíì yanjú ooru, ẹ́ńjìnnì mìíràn ló ń múra àtirà.

Ní ti mítà omi, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ṣe é kí ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan láti bíi 80 dé 105°C, kí awakọ̀ má máa páyà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ́ìlì kì í bá omi rìn. Láàárọ̀, omi lè ti dé 90 nígbà tí ọ́ìlì ṣì wà ní 50. Bí eré bá wá le, omi á dúró sí 95, ọ́ìlì á ti kọjá 130. 370Z ní mítà ọ́ìlì tirẹ̀ lókè dáṣíbọ́ọ̀dù láàárín; òun ni kí oníbèéèrè máa wò. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní in lè de sẹ́ńsọ̀ mọ́ àwo tó ń wà láàárín fílítà àti ẹ́ńjìnnì. Bí sẹ́ńsọ̀ náà bá jẹ́ oníwáyà kan, ẹ má fi téèpù funfun wé ojú ìdè rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń gba áàtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná fi ń padà sára ọkọ̀. Mítà á kàn máa parọ́.

Kí ọ́ìlì tó dé 80, ẹ má kọjá RPM 3,000. Láàárín 95 sí 115 ni ara rẹ̀ ti balẹ̀ jù. Ó lè dé 130 fún ìgbà díẹ̀ bó bá jẹ́ síntẹ́tíìkì gidi, ìyẹn ọ́ìlì àtọwọ́dá tó ń fara da ooru. Bó bá kọjá ibẹ̀, ẹ rọra. Ẹ sì jẹ́ kó yé wa pé RPM ló ń bí ooru yìí, kì í ṣe eré tí ọkọ̀ ń sá. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 120 ní wákàtí kan ní jíà tó ga jù kò ní ìṣòro, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n há mọ́ jíà kẹta ní 6,000 lórí pápá ìsáré á mú ọ́ìlì gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gbé jíà kan sókè, ẹ wà lábẹ́ 4,000 fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ ó rí i pé ọwọ́ mítà ń padà. Pápá ni mo ń sọ o, kì í ṣe òpópónà Èkó sí Ìbàdàn.

Kúlà ni oògùn rẹ̀ gan-an, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Àwa mẹkáníìkì ilẹ̀ yìí fẹ́ràn ká máa yọ tàmósítáàtì omi, fáàfù tí ooru ń ṣí, dà nù. Ẹ má gbé àṣà yẹn dé ìdí ọ́ìlì. Àwo tó ń darí ọ́ìlì lọ sí kúlà gbọ́dọ̀ ní tàmósítáàtì tó ń ṣí ní bíi 80°C, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì kò ní gbóná tó láti lé omi àti epo pẹtiróòlù tó yọ́ wọ inú rẹ̀ jáde. Kúlà onílà 19 tó fún 370Z, pẹ̀lú hóòsì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ AN-10. Ojú ìdè fílítà rẹ̀ jẹ́ M20x1.5, ẹ wò ó kí ẹ tó ra àwo. Ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé tó sì ti ń rí ibi jáde ni kí ẹ gbé kúlà sí. Bí atẹ́gùn kò bá rí ibi jáde, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Kí ẹnu hóòsì méjèèjì kọjú sókè kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú. Hóòsì kò gbọdọ̀ máa ha irin: bó bá lu, ọ́ìlì á tú sára táyà iwájú tàbí sórí ẹgisọ́ọ̀sì tó ń jó.

Ẹ má ra kúlà tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, bó ti wù kó mọ́ tó. Bó bá wá lára ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kù, ẹ̀rún irin wà láàárín àwọn ìlà rẹ̀ tí fífọ̀ kankan kò lè kó tán, bẹ́árìn yín ni wọ́n ń bọ̀ wá bá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, kúlà àti hóòsì á gba ọ́ìlì kún èyí tí ẹ́ńjìnnì ń gbà tẹ́lẹ̀, láti ìdajì lítà sókè. Ẹ sítáàtì ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná títí tàmósítáàtì á fi ṣí, ẹ yẹ gbogbo ìdè wò, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó fa géèjì yọ. Kó má kọjá àmì òkè: kiráńkì á máa lù ú bí ẹni po ọṣẹ, ìfófòó kò sì lè gbé bẹ́árìn. Bó bá kéré jù náà, ní kọ́nà tó le ọ́ìlì á sá kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù.

5W-30 tí Nissan sọ tó fún ìrìn ojoojúmọ́. Fún pápá, 5W-40 síntẹ́tíìkì ni kí ẹ lò, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ pé kì í ta ayédèrú. Bí ọ́ìlì bá ti dé 140 lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dúró de kìlómítà kankan. Ẹ dà á nù, ẹ gé fílítà rẹ̀ sí méjì, kí ẹ wo inú bébà rẹ̀ bóyá irin ń dán níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì, Mushin, Èkó