Kí Omi Odò Lè Dé Etí Òkun

Sí Olóòtú,

Láti Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé yìí, nítorí pé Odò Ọ̀ṣun tí a ń bọ níhìn-ín kò dúró sọ́dọ̀ wa; ó ń ṣàn lọ títí dé Ọ̀sà Lẹ́kkí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Odò Loxahatchee ní ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà, yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Wọ́n gbẹ́ yàrà tó darí omi àbàtà tó ń ṣàn sínú odò náà gba ibòmíràn, wọ́n tún la ẹnu odò náà sí òkun. Bí omi odò ṣe dínkù ni omi iyọ̀ ń gòkè wá, tó sì pa ọ̀pọ̀ igi cypress (igi ńlá inú àbàtà) àtayébáyé. Ètò àtúnṣe àbàtà Everglades, tí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn fọwọ́ sí lọ́dún 2000, ní dídá omi padà sí odò yìí nínú, síbẹ̀ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni, ó sì ń gba owó púpọ̀.

Ó dùn mí pé a lè fà irú ìyẹn sọ́rùn ara wa. A ti ní dáàmù Aṣéjírè lórí Ọ̀ṣun. Mo bẹ àwọn ìjọba tí odò yìí gba ilẹ̀ wọn kọjá pé, kí wọ́n tó mọ dáàmù mìíràn, kí wọ́n wọn iye omi tí ọ̀sà náà nílò lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì fi àwọn apẹja ìsàlẹ̀ odò sínú ìpinnu náà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Òṣogbo.