Ọdún mẹ́rin nídìí èdè Faransé, ẹnu wa kò ṣí

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn yín. Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ibòmíràn tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, lọ sí ọjà Dantokpa ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Aṣọ ni wọ́n ń tà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún àwọn oníbàárà wọn pé, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ Faransé ní yunifásítì, òun ni yóò máa bá mi nájà báyìí." Ọdún kẹrin ni mo wà, èsì ìdánwò mi sì dára. A dé ìsọ̀ kan, ìyá tó ni ín kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mi ò mú ju ẹyọ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lọ. Ó ní aṣọ tí à ń wá wà "dessous", ìyẹn ni pé ó wà nísàlẹ̀. Èmi na ọwọ́ sí òkè, nítorí "dessus" ni mo gbọ́, èyí tó túmọ̀ sí òkè. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì, Yorùbá kò sì ní fáwẹ̀lì inú "dessus", bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó jẹ́ kí etí mi mọ̀ ọ́n láti ọdún kìíní. Ọmọdékùnrin kan láti Kétu ti ilẹ̀ Benin, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, tó ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù, ló sọ fún mi ní Yorùbá pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ìsàlẹ̀ ló wà." Ọmọ yẹn ló bá àǹtí mi nájà títí a fi ra gbogbo aṣọ tán. Àǹtí mi kò sọ nǹkan kan títí a fi dé ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Mi ò ya ọ̀lẹ, olóòtú. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa rí ní kíláàsì. Ojú pátákó ni a ti ń kọ́ èdè. Olùkọ́ á wọlé, á fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé Faransé, a ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀, a ó há a sórí, a ó lọ tú u dà sórí ìwé ìdánwò. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún gbígbọ́ èdè ti wà ní títì láti ìgbà tí mo ti wọlé. Àwọn olùkọ́ wa kò tó nǹkan, iṣẹ́ ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, nítorí náà àwọn kọ́ ni mò ń bá wí. Ọdún mẹ́rin, ẹnu wa kò ṣí!

Èyí tó tilẹ̀ ń ká mi lára jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní Faransé. A lo bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí "tu" àti "vous", nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. Ta ni ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín "o" àti "ẹ"? Wọ́n ní "quatre-vingts", ìyẹn ogún lọ́nà mẹ́rin, jẹ́ àrà kan tí àwọn Faransé fi ń ka ọgọ́rin, pé kí a kàn há a sórí. Kí ni ọgọ́rin fúnra rẹ̀ bí kì í ṣe ogún mẹ́rin? Ohun tó wà nínú ilé wa ni wọ́n ń gbé gba ẹ̀yìnkùlé òyìnbó wọlé fún wa.

Kí ni àwọn tó wà nípò ń ṣe? Láti 1996 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé Faransé ni yóò jẹ́ èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Wọ́n kéde, wọ́n pàtẹ́wọ́, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Benin, Niger, Chad, Kamẹrúùnù: kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí a bá pààlà lórí ilẹ̀ tí Faransé kò tẹ̀dó sí. Síbẹ̀, ẹni tó bá kà á jáde, bó bá wá iṣẹ́ lọ, wọ́n á ní kó mú ìwé ẹ̀rí DELF wá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó gbọ́ èdè tí yunifásítì ní ó gbọ́. A ó tún fi owó àpò wa kọ́ ohun tí a ti sanwó kọ́. Àwọn tó ń ṣe òfin ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, ṣé ọmọ tiwọn ń kọ́ ọ lójú pátákó báyìí ni?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní Abúlé Èdè Faransé wà ní Àjàrà, l'Àgbádárìgì, láti 1991, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ti ń lọ gbé kí wọ́n lè máa sọ èdè náà. Wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí pé owó wọ́n, a kò sì lè máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Dakar, Lomé àti ilẹ̀ Faransé mọ́ bíi ti ayé àwọn bàbá wa. Ó dára pé ó wà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Nàìjíríà náà ni: ẹni tó bá jáde lọ ra búrẹ́dì, Ègùn, Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi rà á.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí. Kí wọ́n rán wa lọ sí Kétu. Kí wọ́n rán wa lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, Pobè, Sakété àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn ìlú tí Yorùbá wà ní ilẹ̀ Benin. Ara wa ni wọ́n. Àwọn òyìnbó ló fa ààlà sí àárín wa ní 1889. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí kan fún oṣù mẹ́ta lásìkò ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Òfin ECOWAS fún wa ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Kò sí pé à ń kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́, oúnjẹ wọn kò sì ṣàjèjì sí wa. Àwọn ọmọ tiwọn náà ń wá Gẹ̀ẹ́sì lójú méjèèjì: kí wọ́n wá gbé nílé wa ní Ìmẹ̀kọ, Ìlaró àti Abẹ́òkúta, kí gbèsè pa gbèsè. Kí yunifásítì kan ṣoṣo fi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan ní kíláàsì wa ní Yorùbá ni wọ́n máa bá wa sọ níbẹ̀, pé a ò ní kọ́ nǹkan kan. Mo ní rárá. Ilé ìwé ibẹ̀, Faransé ni. Ọ́fíìsì ìjọba, Faransé ni. Bí àbúrò bá ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé nírọ̀lẹ́, Faransé ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú wa lójú, wọ́n á fi èdè ìyá wa là á yé wa, bí ọmọ ọjà yẹn ṣe là á yé mi. Mo ti kọ́ ìyàtọ̀ "dessous" àti "dessus" lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, mi ò sì ní gbàgbé.

Kí wọ́n ṣí yàrá tí wọ́n tì pa náà. Kí wọ́n gba olùkọ́ Faransé sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí mi tún ń lọ sí Dantokpa lóṣù tó ń bọ̀. Wọn kò tíì ní kí n tẹ̀lé wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ Faransé, ọdún kẹrin,
Abẹ́òkúta.