Lẹ́tà Ìparí Sáà Kìíní: Ìdíje Tuntun Láàárín Ilé-ìwé Àdáni Mẹ́fà

Ìjẹ̀bú-Òde,
12 Oṣù Kejìlá, 2025.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ wà nínú àpò ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Lọ́jọ́ ìdíje ilé-sí-ilé wa tó kọjá, ọmọbìnrin kan gba ipò kìíní nínú eré mítà 100, ó gbà á nínú 200, ó tún gbà á nínú 400. Mo kí i kú oríire. Ó ní, "Ẹ ṣé mà. Ta ni mo tún máa bá sáré báyìí?" Mi ò rí èsì fún un. Àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì nìkan ló ń bá díje láti JSS1. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ bí ẹsẹ̀ òun ṣe yá tó?

Ìlú wa yìí náà ni Tobi Amusan ti kàwé, ní Our Lady of Apostles. Ní 2013 ó bá àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà sáré ní Warri, ó sì gba fàdákà. Ní 2022, ní Eugene lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá mítà 100 tí wọ́n ń fo igi kọjá. Obìnrin kankan ò sá a tó bẹ́ẹ̀ rí.

Láti oṣù kẹsàn-án ni èmi àti ọ̀gá ilé-ìwé àdáni márùn-ún, ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, ti ń ṣèpàdé. A ti fẹnu kò láti dá ìdíje tiwa sílẹ̀. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan á bá àwọn márùn-ún yòókù gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́kùnrin lóbìnrin, láti Sátidé 17 Oṣù Kìíní títí di 14 Oṣù Kejì, kí ààwẹ̀ tó wọlé. Lọ́jọ́ ìkẹyìn ni gbogbo wa á pàdé ní pápá kan fún eré sísá.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló gba àkókò wa jù. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, a kó àwọn ọmọkùnrin wa lọ síbi ìdíje kan, a bá àwọn tó ti ń fá irùngbọ̀n níwájú wọn. Ọmọ wa kan fi ẹsẹ̀ rírọ́ bọ̀ nílé. Ó ṣì ń dùn mí. Nítorí náà, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí pọn dandan, ọmọ sì gbọ́dọ̀ ti lo sáà méjì nílé-ìwé rẹ̀ kó tó lè kópa. Ẹnì kan dábàá pé ká fi owó ṣe ẹ̀bùn. Mo ta kò ó, torí ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ra agbábọ́ọ̀lù.

A ò fi kọ́bọ̀ kún owó ilé-ìwé. Bọ́ọ̀sì wa ló máa gbé wọn. Ìgbáradì á máa wáyé ní Tuesday àti Thursday, aago mẹ́ta sí mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òótọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìlera. Bí ọmọ bá ní ikọ́ fée tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ má fi pa mọ́. A ò ní lé e: ẹni tó ń di aago mú àtẹni tó ń kọ góòlù sílẹ̀ náà wà lára ẹgbẹ́ wa.

Ìpàdé òbí yóò wáyé ní Sátidé 10 Oṣù Kìíní, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn wa. Ìdíje náà ò tíì lórúkọ. Ẹ bá wa ronú kan bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-ìwé