Ẹ Má Ṣe Sanwó Apá Géèmù Tí Wọn Ò Tíì Ṣe

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra géèmù ìtàn ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ó sì kan àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Géèmù tí wọ́n ń tà ní apá-apá ni mò ń wí: apá kìíní á jáde, ìkejì á tẹ̀lé e lẹ́yìn bí oṣù méjì, títí á fi pé márùn-ún. Ìtàn tí ìwé ìròyìn máa ń tẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ owó ẹ̀dà kan ṣoṣo ni òǹkàwé ń san. Oníbàárà géèmù sábà máa ń san owó márààrún kí ìkejì tó délẹ̀.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá ń lọ ńkọ́? Telltale Games ní California ló lókìkí jù nídìí iṣẹ́ yìí. Ní 2012 ni apá márùn-ún géèmù wọn, The Walking Dead, jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn káríayé. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2017, wọ́n dá 90 òṣìṣẹ́ dúró. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, wọ́n tún dá nǹkan bí 250 dúró, ènìyàn 25 ló ṣẹ́kù. Apá kan péré nínú mẹ́rin The Final Season, tó parí ìtàn The Walking Dead, ló ti jáde lọ́jọ́ náà, ìkejì sì jáde lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ilé-iṣẹ́ Skybound ló gbà á, wọ́n kó lára àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ jọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù kẹta 2019. Kì í ṣe gbogbo géèmù ló ń rí olùgbàlà. Apá mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣètò fún SiN Episodes ní 2006. Ọ̀kan ló jáde. Half-Life 2: Episode Two dá ìtàn dúró lójú ọ̀nà ní 2007, òǹkọ̀wé rẹ̀, Marc Laidlaw, kúrò ní Valve, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ní 2016, apá kẹta kò dé títí di òní.

Àwọn ènìyàn rò pé owó nìkan ló ń fa èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ìbéèrè mẹ́wàá wà nínú apá kìíní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn méjì tí ẹni tó ń gbá géèmù lè yàn, ọ̀nà 1,024 ni ìtàn ti lè yà sí. Kò sẹ́ni tó lè kọ gbogbo rẹ̀. Òǹkọ̀wé á máa da ọ̀nà pọ̀ padà: ẹni tí o gbà là ní apá kìíní á kú ní ìkejì, bó bá sì jẹ́ ẹnì kejì lo gbà là, òun náà ò ní pẹ́ lọ. Ohun tó kù ni àmì kéékèèké nínú séèfù rẹ, ìyẹn fáìlì tí géèmù fi ń rántí ohun tó o ti ṣe: o purọ́ tàbí o ò purọ́, o pín oúnjẹ tàbí o ò pín in. Ẹni tó kọ ìtàn ló mọ èyí tí yóò padà wúlò ní apá kẹrin. Tó bá lọ láìkọ ọ́ sílẹ̀, arọ́pò rẹ̀ á rí àmì, kò ní mọ ohun tí wọ́n fi í ṣe. Telltale ìgbà náà sì ń lo irinṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe, èyí tí àjèjì kò lè mọ̀ ọ́n lò lọ́sẹ̀ kan.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń sá kúrò níbẹ̀. Hitman ti 2016 jáde ní apá-apá. Hitman 2 ti 2018 jáde lódindi. Life is Strange náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó di True Colors ní 2021. Àmọ́ Kentucky Route Zero, tí ikọ̀ ènìyàn mẹ́ta ṣe, parí apá márààrún láti 2013 sí 2020. Lójú tèmi, ikọ̀ kékeré tí kò túká sàn ju ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ tí ń wọlé tí ń jáde.

Ẹ̀yin tó ń ra dísìkì tòkunbọ̀, ẹ ka ẹ̀yìn páálí dáadáa. Bí wọ́n bá kọ Season Pass Disc (dísìkì ẹni tó sanwó gbogbo apá pọ̀) sí i, apá kìíní nìkan ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Dátà yín lẹ máa fi fa ìyókù. Ẹ ti dísìkì bọ ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo iye apá tó ṣí. Lórí Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè gbowó padà láàárín ọjọ́ 14 tí ẹ rà á, bí ẹ kò bá tíì gbá a tó wákàtí 2. Apá kan sì máa ń gbà tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó gbá apá kìíní parí lè pàdánù ẹ̀tọ́ náà. Ẹ da séèfù sórí fúláàṣì kí ẹ tó nu ẹ̀rọ, ẹ má sì pa á nígbà tí àmì séèfù bá ń yí. Bí séèfù bá sọnù, géèmù míì á kàn yan ìdáhùn fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ṣe géèmù, ẹ kọ àmì kọ̀ọ̀kan sínú tábìlì, pẹ̀lú apá tí wọ́n ti máa lò ó. Ẹ gba ohùn gbogbo òṣèré sílẹ̀ kí apá kìíní tó jáde. Kí kóòdù wà níbi tí ilé-iṣẹ́ ti ní àṣẹ lé e lórí, kó má ṣe wà lórí láptọ́ọ̀pù ẹnì kan. Kí ẹ sì ta apá kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, nígbàkígbà tí ojú ewé ìdárayá yín bá kọ nípa géèmù tuntun, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ iye apá tó ti jáde àti iye tó kù.

Èmi òǹkàwé yín,
Tánkẹ̀, Ìlọrin