Sí Àyìnkẹ́, lórí àyọkà tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àyìnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ, ẹ sì kú òtútù ilẹ̀ Kánádà. Mo ti ka àyọkà tí o kọ sí Wikipedia ti Gẹ̀ẹ́sì lórí ìdílé onílù bàtá àdúgbò wa, mo sì rí àkíyèsí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lórí pé àwọn ń jíròrò bóyá kí àwọn pa á rẹ́. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́.

Jọ̀wọ́, má fọwọ́ kan àkíyèsí náà. Oríṣi kan wà tí ẹnikẹ́ni tí kò bá fara mọ́ ọn lè yọ kúrò, àní ẹni tó kọ àyọkà pàápàá, ṣùgbọ́n tìrẹ kọ́ nìyẹn. Ìjíròrò ti bẹ̀rẹ̀ lórí tìrẹ, yíyọ àkíyèsí kò sì lè dá a dúró. Ó kéré tán, ọjọ́ 7 ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí o káwọ́ gbera láàárín àkókò yìí o. Ìsinsìnyí gan-an ló yẹ kí o tún àyọkà náà ṣe. Kìkì pé kí o má ṣe kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dànù, kí o má sì yí àkọlé rẹ̀ padà, kí àwọn tó ń jíròrò má baà wá a tì.

Ẹ̀rí láti ọwọ́ àwọn tí kò bá ìdílé náà tan ló lè gbà á là. Ibi tí o ti kọ ọ́ pé òkìkí wọn kàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kò ní ẹ̀rí kankan lẹ́yìn. Wá ẹ̀rí sí i, tàbí kí o yọ gbólóhùn náà. Má sì rò pé ìwé Yorùbá kò wúlò níbẹ̀, nítorí pé ìlànà wọn gba ìwé tí a fi èdè mìíràn kọ, ó sì gba èyí tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi yóò yẹ Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ tí N. D. Oyerinde tẹ̀ jáde ní 1934 wò. Bí mo bá rí wọn níbẹ̀, màá fi nọ́ńbà ojú ìwé àti gbólóhùn náà gan-an ránṣẹ́. Oríkì tí bàbá àgbà wọn kì fún ọ lórí fóònù kò lè dúró bí ẹ̀rí, bó ti wù kó dùn tó. Ìyẹn máa ń bí mi nínú, torí ẹnu àgbà ni púpọ̀ nínú ìtàn wa wà, ṣùgbọ́n òfin wọn nìyẹn.

Bí o bá ti tún un ṣe, lọ sí ojú ewé ìjíròrò, sọ ohun tí o fi kún un, jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìwọ lo kọ ọ́ àti pé ìyá rẹ jẹ́ ọmọ ìdílé náà, kí o wá tẹ àmì ~ mẹ́rin tẹ̀ léra wọn láti buwọ́ lù ú. Má fèsì sí gbogbo ẹni tó bá ta kò ọ́, má sì pe ẹni tó dá àbá ìparẹ́ ní ọ̀tá Yorùbá.

Ní ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí o ní kí n kó jọ lórí WhatsApp kí wọ́n wá dìbò, mi ò ní ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alága wa ì bá yọ̀ sí i. Wọn kì í ka ìbò níbẹ̀. Agbára àlàyé ni ẹni tó máa parí ìjíròrò yóò wò, bó bá sì rí ọ̀pọ̀ orúkọ tuntun tí wọ́n ń sọ ohun kan náà, ṣe ni yóò fura.

Da ẹ̀dà àyọkà náà kan sí orí kọ̀ǹpútà rẹ lónìí. Bí wọ́n bá pa á rẹ́ náà, o lè bẹ alámùójútó kan kí ó dá a padà sí abẹ́ orúkọ rẹ, níbi tí wàá ti máa tún un ṣe. Kí n tó lọ sí ilé ìkàwé lọ́jọ́ Ajé, fi gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pe agboolé náà láyé àtijọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Adéọlá.